Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: ÌRÀWỌ̀ TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ LÈ JÍ

Ibi Kíkà: Orin Dáfídì 147:1–6, Isaiah 40:25–26, Matteu 2:1–16

Ète Ẹ̀kọ́: Kí àwọn ọmọ kíláàsì lè mọ ohun tí ìràwọ̀ jẹ́ àti bí ó ti jìnnà tó, kí ìbẹ̀rù àwọn tí ń fi ìràwọ̀ dẹ́rù ba ènìyàn lè kúrò lọ́kàn wọn.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ní Fate, ní ìlú Ìlọrin, níbi tí a ti kọ ẹ̀kọ́ yìí, ìyá kan wà tí ó fi oṣù mẹ́fà kó owó ìdánwò WAEC ọmọ rẹ̀ jọ. Kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ tó pé, ẹnìkan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní aríran wí fún un pé àwọn ẹbí bàbá ọmọ náà ti jí ìràwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti dé e mọ́ inú ìkòkò. Gbogbo owó náà ni ó bá àbẹ́là, òróró àti àdúrà ọjọ́ mọ́kànlélógún lọ. Ọmọ náà kò ṣe ìdánwò ní ọdún náà, ìyá rẹ̀ kò sì bá àwọn àna rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Kì í ṣe Fate nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹnìkan bá wí pé ìràwọ̀ òun ń tàn, àkàwé ni. Gbogbo wa ni a ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ bá gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń san owó láti gba ìràwọ̀ padà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìràwọ̀ jẹ́ gan-an àti ibi tí ó wà.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

Kí ni ìràwọ̀?

Oòrùn tí ó ń ràn lórí wa lójoojúmọ́, ìràwọ̀ ni. Ó tóbi lójú wa nítorí pé ó sún mọ́ wa ju àwọn yòókù lọ. Àwọn yòókù náà, oòrùn ni wọ́n. Kì í ṣe iná igi tàbí iná epo ni ó ń jó nínú wọn. Gáàsì tí a ń pè ní háídírójìn ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ìwúwo gáàsì náà sì ń tẹ àárín rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ooru àárín oòrùn fi tó mílíọ̀nù 15 lórí ìwọ̀n Celsius. Nínú ooru yìí ni háídírójìn ti ń pa pọ̀ di gáàsì mìíràn tí ó ń jẹ́ hílíọ́ọ̀mù, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń di ìmọ́lẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, nǹkan bí mílíọ̀nù 4 tọ́ọ̀nù nínú ara oòrùn ni ó ń di ìmọ́lẹ̀ àti ooru, síbẹ̀ ohun tí ó ṣẹ́kù níbẹ̀ yóò tó o jó fún nǹkan bí bílíọ̀nù 5 ọdún sí i. Bí a bá to ayé bí tiwa yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò tó 109 kí wọ́n tó la ojú oòrùn já láti etí kan dé èkejì. Kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì irú ìkòkò tí yóò gbà á.

A gbọ́dọ̀ ya ìràwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jọ ọ́. Àwọn kan gbà pé bí ìràwọ̀ bá já lóru, ènìyàn ńlá kan ni ó kú. Ohun tí ó ń já bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Òkúta kékeré ni, púpọ̀ nínú wọn kò tóbi ju ẹyọ iyanrìn lọ, tí ó wọ inú afẹ́fẹ́ ayé wa pẹ̀lú eré gbígbóná tí ó sì jóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgùàlà. Ayé ni òun náà, tí ó ń yí oòrùn po gẹ́gẹ́ bí ayé wa yìí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń mú un dán. Àwọn bàbá wa tilẹ̀ ti kìlọ̀ nínú òwe wọn pé àgùàlà tí ó ń bá òṣùpá rìn kì í ṣe ajá òṣùpá. Ìran ti pẹ́ tí ó ti mọ̀ pé ohun tí ojú rí lókè lè yàtọ̀ sí ohun tí ó jẹ́.

Bí ìràwọ̀ ti jìnnà tó

Ẹ jẹ́ kí a wọ ọkọ̀ ní Fate. Ọkọ̀ náà ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, awakọ̀ rẹ̀ kò dúró jẹun, ọlọ́pàá kankan kò sì dá a dúró (àkàwé sáà ni). Bí ọ̀nà bá wà lọ sí oòrùn, yóò gbà á ní nǹkan bí ọdún 170 kí ó tó dé ibẹ̀, nítorí nǹkan bí mílíọ̀nù 150 kìlómítà ni ó jìnnà sí wa. Ẹni tí ó wọlé, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni yóò sọ̀kalẹ̀, bí kì í bá ṣe ọmọ wọn.

Ìmọ́lẹ̀ ní tirẹ̀ ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa, ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ ni ó ń gbà á. Nítorí pé kìlómítà kò tó o ka mọ́ nígbà tí a bá kọjá oòrùn, ọdún tí ìmọ́lẹ̀ fi rìn ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ọ̀nà àwọn ìràwọ̀.

Ní oṣù kẹfà, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, bí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ẹ wo apá gúúsù, kò ga púpọ̀ sí ilẹ̀. Ìràwọ̀ dídán kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Alpha Centauri. Aládùúgbò wa ni, kò sí èyí tí a lè fi ojú lásán rí tí ó sún mọ́ oòrùn jù ú lọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún ọdún mẹ́rin àti oṣù mélòó kan kí ó tó dé Ìlọrin. Ọkọ̀ wa yóò lo nǹkan bí mílíọ̀nù 47 ọdún. Ẹni tí ó wà ní ìlú London kò lè rí i láti ilé rẹ̀ láéláé, nítorí pé kì í yọ sí wọn.

Ní oṣù kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ wo Sirius, èyí tí ó dán jù nínú gbogbo ìràwọ̀ òru. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń rí ti kúrò lára rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án, ó ṣeé ṣe kí ìmọ́lẹ̀ náà àti ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò wọn ní oṣù kan náà. Lẹ́yìn èyí ẹ gbé orí sókè pátápátá. Ìràwọ̀ pupa tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gangan ní àtàrí wa ni Betelgeuse, ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ Orioni tí ìwé Jobu dárúkọ. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá gbé e sí ipò oòrùn, yóò gbé ayé wa mì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wà lọ́nà fún ohun tí ó ju ọdún 500 lọ. Nígbà tí ó kúrò níbẹ̀, a kò tíì bí Ajayi Crowther. (Ẹ̀yin tí iná mànàmáná kì í kú ní àdúgbò yín, ẹ kú oríire, ṣùgbọ́n àwa tí òkùnkùn ń kùn ni a máa ń rí i dáadáa.)

Ta ni ọwọ́ rẹ̀ wá gùn tó láti mú ọ̀kan nínú wọn?

Ìràwọ̀ Matteu orí kejì

Orí yìí ni àwọn tí ń ta ìràwọ̀ máa ń ṣí. Wọ́n ní bí Jésù ti ní ìràwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù ènìyàn ní tirẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí a ti sọ pé gbogbo ọmọ ni ó ní ìràwọ̀. Àmì ọba kan ṣoṣo ni èyí. Ẹ sì kíyè sí Hẹrọdu. Ó bínú, ó ní ọmọ-ogun, ó sì fẹ́ parun, ṣùgbọ́n kò rán ẹnikẹ́ni sí ìràwọ̀ náà. Ọmọ ni ó ń wá. Idà rẹ̀ dé Bẹtilẹhẹmu, ó pa àwọn ọmọ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú Genesisi 37: Josẹfu rí ìràwọ̀ mọ́kànlá nínú àlá, síbẹ̀ Josẹfu ni àwọn arákùnrin rẹ̀ tà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ọmọ wa jà, ara ọmọ náà, ìwé rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ ni yóò bá jà. Níbẹ̀ ni ó yẹ kí a ti máa ṣọ́ ọ.

Ọmọ Nàìjíríà kan tí ó wá ìdí ìràwọ̀

Ní ọdún 1054, àwọn ará Ṣáínà rí ìràwọ̀ tuntun kan tí ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rí i ní ọ̀sán fún ọjọ́ 23. Ìràwọ̀ ńlá kan ni ó parí epo rẹ̀ tí ó sì bú gbàmù. Ìkùukùu tí ó kù níbẹ̀ ni a ń pè ní Crab Nebula, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn fún nǹkan bí ọdún 6,500 kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1965, Samuel Okoye, ọmọ Amawbia ní Ìpínlẹ̀ Anambra, òun àti Antony Hewish ní Cambridge, fi ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run rí ohun kékeré kan tí ó ní agbára púpọ̀ ní àárín ìkùukùu náà. Ní 1968 ni a wá mọ̀ pé òkú ìràwọ̀ náà ni, tí ó ń pòòyì ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okoye padà wá sílé, ó sì dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ní 1972. Ó kú ní 2009.

Irin tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, inú irú àwọn ìràwọ̀ tí ó ti kú kí oòrùn wa tó wà ni ó ti wá. Kí kíláàsì rántí èyí nígbà tí wọ́n bá ń ka Genesisi 2:7 nípa erùpẹ̀ tí a fi mọ ènìyàn.

Ọ̀run tí ó ń fẹ̀ sí i

Agbo ìràwọ̀ tiwa ní ìràwọ̀ tí ó ju bílíọ̀nù 100 lọ. Agbo mìíràn tí ó tún ń jẹ́ Andromeda wà, tí a lè fi ojú lásán rí bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ní apá àríwá ní oṣù kọkànlá. Mílíọ̀nù ọdún 2.5 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn. Ní 1927, Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì kan ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, fi ìṣirò hàn pé gbogbo ìṣẹ̀dá ń fẹ̀. Ní 1929, Edwin Hubble ní Amẹ́ríkà fi hàn láti inú ohun tí a fi ẹ̀rọ awò rí pé bí agbo kan bá ti jìnnà sí wa tó ni ó ń yára kúrò lọ́dọ̀ wa tó. Ìmọ́lẹ̀ wọn ni ó tú àṣírí: ó ń fà gùn bí ó ti ń bọ̀, ó sì ń pọ́n sí i.

Ẹni tí ó bá ń ṣe búrẹ́dì yóò lóye rẹ̀. Fi ẹ̀pà há inú ìyẹ̀fun tí o ti fi ìwúkàrà sí. Bí ó ti ń wú, ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan ń jìnnà sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀pà kankan kò rìn. Ìyẹ̀fun tí ó wà láàárín wọn ni ó ń fẹ̀. (Àwọn agbo tí ó sún mọ́ra gan-an ń fa ara wọn, Andromeda ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní tirẹ̀.) Bí a bá ka ìfẹ̀sí yìí padà sẹ́yìn, a ó dé ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn.

Ẹnìkan nínú kíláàsì yóò béèrè nípa ẹgbàáta ọdún tí a ń gbọ́. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà kan ní Ireland, James Ussher, ni ó ṣírò rẹ̀ ní 1650, tí ó fi ìbẹ̀rẹ̀ ayé sí ọdún 4004 ṣáájú Kristi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wá ń tẹ̀ ẹ́ sí etí ìwé àwọn Bíbélì Òyìnbó. Ẹni tí ó gba ìṣirò Ussher àti ẹni tí kò gbà á lè jókòó lórí àga kan náà nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe wí fún ọmọ tí ń ka físíìsì ní Yunifásítì Ìlọrin pé ìmọ́lẹ̀ ń purọ́ fún un. Ọmọ náà yóò lọ, kò sì ní padà wá.

Ẹsẹ̀ kẹta àti ẹsẹ̀ kẹrin

Ẹ padà sí Orin Dáfídì 147. Ní ẹsẹ̀ kẹrin, Ọlọ́run ń ka ìràwọ̀, ó sì ń fi orúkọ pè wọ́n. Kí ni ó ń ṣe ní ẹsẹ̀ kẹta? Ó ń wo ọkàn tí ó gbọgbẹ́ sàn, ó ń di ọgbẹ́. Onísáàmù kò fi ohunkóhun sáàárín méjèèjì. Ìyá inú ìtàn wa wà ní ẹsẹ̀ kẹta.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín fífi ìràwọ̀ ṣe àkàwé àti bíbẹ̀rù pé a lè jí i?

2. Ka Jeremiah 10:2. Àwọn àmì wo ni ó ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn ní àdúgbò tìrẹ?

3. Bí ìyá yẹn bá wà nínú kíláàsì wa, ta ni yóò bá a lọ bá àwọn àna rẹ̀? Èló ni a lè dá jọ kí ìforúkọsílẹ̀ ọdún tí ń bọ̀ tó parí?