Kí Ẹ Tó San Owó Yàrá ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ìyàwó ilé kan kọ̀wé sí mi láti Bàrígà pé láti ìgbà tí àwọn ti kó dé yàrá tuntun wọn nítòsí ọ̀sà, ọmọ òun ọlọ́dún 2 kò sùn ní òru mọ́, ara rẹ̀ sú wínníwínní, òun pàápàá sì máa ń jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí. Ó ní kí n júwe oògùn. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ ni ọkọ rẹ̀ lọ wo yàrá náà, tí ó san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbà á. Mo ti dá a lóhùn pé kí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yàrá yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa.

Òwúrọ̀ ni ejẹ́ǹtì fẹ́ràn láti mú ènìyàn lọ wo ilé, bẹ́ẹ̀ yàrá wo ni kì í tutù ní òwúrọ̀? Ẹ̀yin ẹ lọ ní nǹkan bí agogo 3 ọ̀sán, kí ẹ gbé ọwọ́ lé ògiri. Ògiri tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn àti èyí tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn Èkó ń pa jù. Ògiri búlọ́ọ̀kù a máa fa ooru náà mu títí di ìrọ̀lẹ́, a sì tú u síni lára ní òru. Bí páànù bá wà lórí tí kò sí sílíìnì lábẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé inú ààrò ni ẹ fẹ́ máa sùn.

Atẹ́gùn òkun tí ń tù wá lára, apá gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni ó sábà ń gbà wá, ṣùgbọ́n kò lè wọlé bí kò bá rí ibi jáde. Ní àwọn ilé tí yàrá ti kọjú síra, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín kọjá, fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá sábà máa ń ní, ògiri ilé kejì a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a nímú. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ na ìwé pẹlẹbẹ kan dání sáàárín méjèèjì. Bí kò bá mì rárá, ẹ wá ibòmíràn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán. Inú afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ife ti ń ran ènìyàn, yàrá tí ènìyàn 6 ń sùn sí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò yí padà sì dùn mọ́ ọn. Bí ikọ́ bá pé ọ̀sẹ̀ 2 tí kò lọ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà àti oògùn rẹ̀.

Ilé híhá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dá àrùn sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí kòkòrò ara eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn níhìn-ín, òun ni ó sì mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe.

Ẹ tún padà lọ lẹ́yìn òjò ńlá, pàápàá ní apá Ìlàjẹ àti gbogbo ibi tí ilẹ̀ ti dagun sí ọ̀sà. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ni a kùn ní ọ̀dà tuntun, ẹ bi àwọn ayálégbé, ẹ má bi ejẹ́ǹtì. Ó yẹ kí kànga jìnnà sí ṣalángá tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Ilẹ̀ tí a kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí níbẹ̀ kò tilẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹ máa se omi kànga kí ó hó dáadáa kí ẹ tó mu ún. Ẹ kò gbàgbé onígbáméjì ti oṣù kẹfà 2024.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, òru ni kí ẹ lọ, nígbà tí iná bá lọ. Ní Ṣómólú, ìlú àwọn atẹ̀wé, àwọn ilé kan wà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé lókè. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé, ẹ sá! Gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò láwọ̀, tí kò ní òórùn, tí ń pa ènìyàn lójú oorun. Ìta gbangba ni àyè jẹnẹrétọ̀, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, kí ẹnu èéfín kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn 2 tàbí 3 nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí èébì ń gbé wọn, tí ó sì ń fúyẹ́ bí wọ́n bá bọ́ síta, èéfín ni kí ẹ fura sí, kì í ṣe ibà. Ẹ tètè gbé wọn síta, kí ẹ sì sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sẹ́nu ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ má sì san owó ọdún 2 pọ̀. Òfin ayálégbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kò gba onílé láyè láti béèrè ju ti ọdún 1 lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì ní kí ó já ìwé owó fún un. Ẹni tí ó ti san ọdún 2 kò lè tètè kúrò bí yàrá bá ń pa ọmọ rẹ̀ lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, tí owó àtikó jáde kò sì sí, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbígbóná, kí àpótí tàbí kọ́ńbọ́ọ̀dù má ṣe dí fèrèsé. Kí ọmọ sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí. Kí gbogbo ilé fi ohùn ṣọ̀kan lé jẹnẹrétọ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ bẹ onílé kí ó lu ihò fífẹ̀ sókè ògiri tí ó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde.