Ilẹ̀ Píjò 504 Mi Ń Gbóná Jù

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá, Píjò 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì ń sáré dáadáa, àmọ́ tí mo bá wà á fún wákàtí kan, ilẹ̀ rẹ̀ á máa jó mi lẹ́sẹ̀. Ẹnì kan ní kí n fi kọ́tà kun abẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kun kọ́tà síbi tí páìpù èéfín gbà. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì 504 wà, abẹ́ ọkọ̀ ni páìpù náà gbà lọ sẹ́yìn. Kọ́tà á yọ́, ó sì lè gbiná.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ páìpù àti sálẹ́ńsà wò. Bó bá ń jò, tí ilẹ̀ ọkọ̀ sì ti jẹ lu, èéfín á wọlé. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pani. Ìyẹn ló já mi láyà jù nínú ọ̀rọ̀ yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ha ìpẹtà, kí wẹ́dà dí ihò. Lábẹ́, kó de páànù alumíníọ̀mù sáàárín páìpù àti ilẹ̀ ọkọ̀, kí àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 wà láàárín páànù àti ilẹ̀. Páànù á dá ooru padà, afẹ́fẹ́ inú àlàfo á gbé ìyókù lọ. Nínú ọkọ̀, ẹ tẹ́ fóòmù tí kì í mu omi. Èyí tó ń mu omi á tún sọ irin náà di ìpẹtà.