Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Kí Ló Ń Gba Èrè Wa Lọ?

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ohun tí a máa ń bi ara wa: kí ló dé tí ẹlòmíì ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ìṣẹ́ kò sì fi í sílẹ̀?

Ìyá tó ń fi ọparun ṣe ìjókòó

Ní 1976, ní abúlé Jobra ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, olùkọ́ yunifásítì kan, Muhammad Yunus, pàdé obìnrin kan tó ń jẹ́ Sufiya Begum. Ọparun ló fi ń ṣe ìjókòó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Àmọ́ kò ní taka 5, owó ìlú wọn, tí yóò fi ra ọparun. Oníṣòwò kan ló ń yá a. Àdéhùn wọn ni pé oníṣòwò náà nìkan ni yóò ta ìjókòó fún, ní iye tí ó bá dá lé e. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà, ààbọ̀ taka péré ló ń kù sí i lọ́wọ́.

Ṣé ẹ rí i? Ìyá yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọwọ́ ẹlòmíì ni èrè rẹ̀ ń lọ. Àwa náà mọ irú rẹ̀: láyé àtijọ́, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni. Gbèsè fúnra rẹ̀ kò dín.

Yunus ka àwọn tó wà nínú irú wàhálà yìí lábúlé náà, wọ́n jẹ́ 42. Gbogbo owó tí wọ́n nílò kò ju taka 856 lọ, kò tó dọ́là 30 nígbà náà. Ó yọ ọ́ lápò ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni Grameen Bank ti ṣẹ̀, tó di báńkì tí òfin mọ̀ ní 1983. Wọn kò béèrè ilé tàbí ilẹ̀ fún ìdúró. Àwọn obìnrin ń kó ara wọn jọ ní márùn-ún márùn-ún, wọ́n ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń san án díẹ̀díẹ̀. Ní 2006, òun àti báńkì náà jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Ìkìlọ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yáwó ló ń gbeni o. Ní Andhra Pradesh ní Íńdíà, àwọn ayánilówó ń yá ẹnì kan náà lówó lọ́tùn-ún lósì, títí ìjọba fi ṣòfin ká wọn lọ́wọ́ kò ní 2010. Ìwádìí orílẹ̀-èdè mẹ́fà tó jáde ní 2015 náà fi hàn pé ẹ̀yáwó kékeré ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ òun nìkan kì í sọ tálákà di ọlọ́rọ̀.

Kí ni ká ṣe?

1. Ẹ ṣírò èlé kí ẹ tó gbowó. Bí ẹ bá yá ₦20,000, tí ẹ ń san èlé ₦2,000 lọ́sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 10 ẹ ti san ₦20,000. Gbèsè àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀ digbí!

2. Ọjà ni kí ẹ fi owó ọjà rà. Aṣọ ẹbí kì í san gbèsè.

3. Ẹ jẹ́ ká jọ ní nǹkan. Èsúsú dára, àmọ́ bí oníkálukú bá ti kó tirẹ̀, ó parí. Bí 20 obìnrin bá ń dá ₦1,000 sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ 50 ó di ₦1,000,000. A lè fi ra ọjà lápapọ̀ lójú oko, tàbí ká fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá. Owó tí a ń san fún ẹlẹ́rọ á wá máa wọlé sọ́dọ̀ wa.

4. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí ìwé báńkì, kí a sì ka ìṣirò sétí gbogbo ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Àìṣírò ló ń fọ́ ẹgbẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Nínú ₦100 èrè wa, èló ló ń lọ sọ́wọ́ olówó èlé? Kí ni a lè jọ rà lọ́dún yìí?

Ẹ fèsì wá sípàdé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.