Ọkọ̀ Kékeré Inú Ọkọ̀ Ńlá

Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 27 ti bá ọkọ̀ kékeré inú ọkọ̀ ńlá pàdé, bóyá kò kàn fiyè sí i ni. Ọkọ̀ tó ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù ní ọkọ̀ kékeré kan. Nígbà tí ìjì dé, agbára káká ni wọ́n fi fà á sókè kúrò nínú omi. Lóru ọjọ́ kan, àwọn atukọ̀ tún sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ níwájú ọkọ̀, àmọ́ ṣe ni wọ́n fẹ́ sá lọ. Pọ́ọ̀lù ta àwọn ọmọ ogun lólobó, wọ́n sì gé okùn ọkọ̀ náà, ó bá omi lọ. Èèyàn 276 ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí ló dé tí irọ́ àwọn atukọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé? Ìdí ni pé iṣẹ́ ọkọ̀ kékeré ni láti gbé ìdákọ̀ró lóòótọ́. Ọkọ̀ ìgbòkun kò ní ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn ò bá fẹ́, kò lè lọ. Bó bá fìdí sọlẹ̀ lórí yanrìn, ó há nìyẹn. Ẹ wo ohun tí wọ́n máa ń ṣe. Wọ́n á sọ ọkọ̀ kékeré sómi, wọ́n á gbé ìdákọ̀ró lé e, wọ́n á fi àjẹ̀ wà á lọ síbi tómi ti jìn, wọ́n á wá jù ú síbẹ̀. Orí okùn ìdákọ̀ró náà ṣì wà nínú ọkọ̀ ńlá, níbi tí wọ́n ti ká a mọ́ òpó kan tó ń yí. Àwọn ọkùnrin á fi àyà ti àwọn igi tí wọ́n kì bọ òpó náà, wọ́n á máa yí i po. Ìdákọ̀ró ti gé ilẹ̀ mú, kò ní wá. Ọkọ̀ ńlá ló máa rọra wọ́ lọ bá a. Àwọn èèyàn sábà máa ń yin ìgbòkun, àmọ́ èmi ò rí iṣẹ́ tó ya mi lẹ́nu tó èyí.

Ọkọ̀ kékeré náà ló ń lọ pọn omi mímu wá láti etíkun, àgbá lórí àgbá. Òun ló ń ṣíwájú lọ wọn bí omi ṣe jìn tó. Nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 250 sẹ́yìn, àárín ọkọ̀ ni wọ́n máa ń gbé èyí tó tóbi jù sí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá tó yọ síta gbé àwọn kéékèèké kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Àwọn ará Èkó mọ agbára àwọn ọkọ̀ kékeré yìí. Láyé àtijọ́, yanrìn dí ẹnu ọ̀sà, ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, débi pé ọkọ̀ tó bá wúwo kò lè wọlé. Lọ́dún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá bá Ọba Kòsọ́kọ́ jà, àwọn ọkọ̀ ogun wọn tó tóbi dúró sójú òkun. Àwọn ọkọ̀ kékeré inú wọn ló wọlé, pẹ̀lú ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì. Ní oṣù Kọkànlá, Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n tún dé, Kòsọ́kọ́ sá kúrò nílùú, Akíntóyè, tó ti jọba ṣáájú rẹ̀, sì padà sórí oyè.

Ti ọ̀gá ọkọ̀ Bounty, William Bligh, tún yàtọ̀. Igi gbẹ̀rẹ̀fútù ló lọ kó ní erékùṣù Tahiti. Ní 28 oṣù Kẹrin 1789, àwọn atukọ̀ rẹ̀ dìtẹ̀, wọ́n sì lé òun àti èèyàn 18 sínú ọkọ̀ kékeré kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 23. Àwọn mìíràn tó fẹ́ bá a lọ kò ráyè. Ọkọ̀ náà rì wọnú omi débi pé díẹ̀ ló kù kí ìgbì bò ó, wọn ò sì yéé gbọ́n omi dànù. Bligh fi èèpo àgbọn méjì ṣe òṣùwọ̀n, ó fi ọta ìbọn kan sí ọ̀kan. Búrẹ́dì tó bá wúwo tó ọta náà, bíi gíráàmù 18, ni ìpín ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n rin ohun tó lé ní kìlómítà 6,000, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Kupang ní erékùṣù Timor ní 14 oṣù Kẹfà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kú lójú ọ̀nà, àwọn ará erékùṣù Tofua ló pa á.

Àmọ́ kì í ṣe torí àtigba ẹ̀mí là ni wọ́n ṣe kan ọkọ̀ Bligh. Iṣẹ́ ni wọ́n kàn án fún, bíi ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gba gbogbo èrò inú ọkọ̀ ńlá. Àṣà yìí pa èèyàn púpọ̀, ó sì wà títí di ìgbà ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì. Nígbà tí Titanic rì lọ́dún 1912, èèyàn tó lé ní 2,200 ló wà nínú rẹ̀, àyè èèyàn 1,178 péré ló sì wà nínú àwọn ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1914, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní London pé àyè gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ kékeré fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òkun.