Bakitéríà tó ń jẹ òróró àgbọn

Ìbéèrè: Òróró àgbọn là ń ṣe níbí ní Àgbádárìgì. Ilẹ̀ tí à ń da omi rẹ̀ sí máa ń rùn, wọ́n ní bakitéríà tó ń jẹ ọ̀rá ló wà níbẹ̀. Ṣé a lè bù ú sínú ògì, kó máa bá wa da ọ̀rá nínú ikùn?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bù ú o! Lóòótọ́, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ làwọn onímọ̀ ti ń wá bakitéríà tó ń jẹ ọ̀rá. Wọ́n á po ọ̀rá tributyrin mọ́ agar, ohun tó ń dì bí ẹ̀kọ, nínú àwo pẹrẹsẹ, á funfun bí omi ògì. Wọ́n á wá kán omi erùpẹ̀ náà sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, àyíká èyí tó ń jẹ ọ̀rá á mọ́ gaara bí òrùka. Ojú lásán là ń fi rí i.

Ṣùgbọ́n àwọn bakitéríà Pseudomonas àti Staphylococcus, tí òmíràn nínú wọn ń fa àìsàn, ń ṣe irú òrùka yìí náà. Ẹ ò rí i pé òrùka nìkan kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ orúkọ bakitéríà náà, kí wọ́n sì wò ó bóyá oògùn lè pa á, bóyá á sì la omi kíkan inú ikùn àti òróòro já.

Ògì ní bakitéríà tirẹ̀, Lactiplantibacillus plantarum (Lactobacillus plantarum ni wọ́n ń pè é títí di ọdún 2020). Agbára rẹ̀ lórí ọ̀rá kò pọ̀, àmọ́ ó ti pẹ́ tá a ti ń mu ún. Omi gbígbóná ń pa á. Inú omidùn tútù ló ti ń wà láàyè.

Bí ara ẹnikẹ́ni nínú yín kò bá da ọ̀rá dáadáa, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń léfòó tó sì ń yọ ọ̀rá, kó tètè lọ rí dókítà.