Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌLỌ́JÀ: OWÓ ARA PÁTÁKÓ KỌ́ NI OWÓ IṢẸ́



Ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí dá lé òkúta gíránáìtì tí wọ́n ń tẹ́ sórí káńtà ilé ìdáná, àti bí wọ́n ṣe ń rà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé ní Amẹ́ríkà. Ẹ lè ní, kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá o. Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland. Ọmọ ra ilé, ó fẹ́ tún ilé ìdáná ṣe, ó wá pe ìyá lórí fóònù pé, "Màámi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn." Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó ti ná ọjà fún ogún ọdún kò yẹ kó dákẹ́ nítorí pé dọ́là ni wọ́n fi ń ná a.

ṢỌ́Ọ̀BÙ KỌ́ LÓ Ń GÉ ÒKÚTA

Méjì ló lókìkí jù nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù náà. Lowe's bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní 1921. Home Depot ṣí ṣọ́ọ̀bù méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Atlanta ní 1979. Wọ́n tóbi débi pé ìṣó, ọ̀dà, ilẹ̀kùn àti pákó wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Ṣùgbọ́n gíránáìtì kì í ṣe ìṣó tí èèyàn á mú, tí á sanwó, tí á sì gbé lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àpẹẹrẹ òkúta kéékèèké tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣọ́ọ̀bù á gbowó, yóò wá gbé iṣẹ́ náà fún àwọn agékùúta tó wà ní agbègbè yẹn. Àwọn yẹn ni wọ́n máa wá wọn ilé ìdáná, tí wọ́n máa gé òkúta, tí wọ́n máa dán etí rẹ̀, tí wọ́n á sì gbé e wá tẹ́.

Ó dà bí ìgbà tí ẹ gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, tí ẹ gbé e fún télọ̀ àdúgbò kejì. Bí aṣọ bá bàjẹ́, ta ni oníbàárà máa wá bá? Ẹni tó gbowó ni. Nítorí náà, ìbéèrè kìíní tí ọmọ gbọ́dọ̀ bi ṣọ́ọ̀bù nìyí: bí òkúta bá sán, tàbí tí wọ́n bá gé e kù, ta ló máa san án? Kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢE ÌṢIRÒ

Bí wọ́n ṣe ń ta gíránáìtì ni pé ibi tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, òun ni wọ́n ń kà sí ẹyọ kan. Iye ẹyọ kan ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára pátákó. Ẹ jẹ́ ká fi 60 dọ́là ṣe àpẹẹrẹ.

Ká ní káńtà náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ ní íǹṣì 24, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 2. Ọmọ á wá ní, 12 lọ́nà 2 jẹ́ 24, 24 lọ́nà 60 jẹ́ 1,440 dọ́là. Ó ti múra owó sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òkúta máa ń yọ síta díẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Íǹṣì 25 àbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń gé e, nítorí náà ẹyọ 25 àbọ̀ ni. Bí ó bá tún fẹ́ òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi gbé ògiri ní gíga íǹṣì 4, kí omi má baà ta sí ògiri lára, ẹyọ 4 tún wọlé. Gbogbo rẹ̀ di 29 àbọ̀, owó di 1,770 dọ́là. 330 dọ́là ti yọjú láti ibi tí ọmọ kò wò.

A ò tíì dé ibi síǹkì o. Owó lílu ihò síǹkì wà, owó títún etí òkúta ṣe wà, owó yíyọ káńtà àtijọ́ wà, owó oníṣẹ́ omi tó máa so ẹ̀rọ omi padà wà. Ṣọ́ọ̀bù kan lè ní ó wà nínú owó, òmíràn á kà á sọ́tọ̀. Kí ọmọ má ṣe béèrè pé, "Èló ni ẹyọ kan?" Kí ó béèrè pé, "Èló ni mo máa san títí mo fi máa fọ abọ́ nínú síǹkì náà?" Kí wọ́n sì to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn ilé.

ÈYÍ TÍ Ẹ RÍ KỌ́ LẸ MÁA GBÀ

Gíránáìtì kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ pò. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Olúmọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, gíránáìtì ni. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà l'Ámẹ́ríkà, láti Brazil àti India ló ti ń wá. Bí adìrẹ méjì kò ṣe rí bákan náà ni òkúta méjì kò rí bákan náà. Àpẹẹrẹ inú ṣọ́ọ̀bù lè funfun, kí odindi òkúta ní ilà dúdú gbàgàdà láàrin. Bí wọ́n bá gbà á láyè, kí ọmọ lọ sí àgbàlá agékùúta, kó fi ojú ara rẹ̀ rí òkúta tirẹ̀, kí wọ́n sì sàmì sí i.

Odindi òkúta sábà máa ń gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9 sí 10. Èyí já sí pé káńtà ẹsẹ̀ bàtà 12 máa ní ojú ìsopọ̀. Kí ọmọ béèrè ibi tí ojú náà máa wà kí wọ́n tó gé e.

Òkúta yìí wúwo. Èyí tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3, ní ìwọ̀n káńtà tí a ṣírò yẹn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin. Kọ́bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ lágbára, kó dúró déédéé, kó sì ti wà ní àyè rẹ̀ kí wọ́n tó wá wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá sún kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ara rẹ̀ ló ń dá ní gbèsè, torí òkúta tí a ti gé kò ṣe é rán pọ̀ bí aṣọ.

Wọ́n á tún fi òmíràn hàn án tí wọ́n ń pè ní quartz. Òkúta lílọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò ni ìyẹn. Ó dára, ṣùgbọ́n ìkòkò gbígbóná lè ba gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ jẹ́. Gíránáìtì gba iná jù ú lọ. Ṣùgbọ́n gíránáìtì náà ń mu epo. Kí ọmọ da omi díẹ̀ sí i, kó dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí ojú ibẹ̀ bá dúdú, òróró ìdíhò tí wọ́n ń fi pa á ti tán, kó tún un pa kí epo pupa tó tàbàwọ́n sí i.

ÀWÌN TÓ Ń RẸ́RÌN-ÍN

Ibí yìí ni kí ẹ fetí sí dáadáa. Níbi ìsanwó, wọ́n lè ní, "Gba káàdì wa, oṣù 12, kò sí èlé." Ọ̀rọ̀ náà dùn, àmọ́ ó ní ìdí. Nínú irú ètò yìí, bí gbèsè kò bá tán pátápátá kí ọjọ́ tó pé, wọ́n á ka èlé padà láti ọjọ́ tó ti rajà.

Ẹ wò ó: 1,770 dọ́là lọ́rùn. Ọmọ ń san 140 lóṣooṣù. Lẹ́yìn oṣù 12 ó ti san 1,680, ó ku 90 péré. Bí èlé bá jẹ́ 28 nínú 100 lọ́dún, wọn ò ní ka èlé lórí 90 yẹn nìkan. Èlé gbogbo ọdún á dé lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ju 250 dọ́là lọ. Sọgúndogójì tí àwọn bàbá wa sá fún náà ló wọ kóòtù yẹn. Ká ní 150 ló ń san lóṣooṣù ni, gbèsè á ti tán, èlé kò ní dé. Iye kékeré tí ìwé gbèsè ní kó san lóṣooṣù kì í sábà parí gbèsè lásìkò. Kí ó fúnra rẹ̀ pín in.

Ṣùgbọ́n káàdì náà ní àǹfààní kan. Òfin Amẹ́ríkà ti 1974 fún ẹni tó fi káàdì àwìn rajà láyè láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ káàdì náà láàrin ọjọ́ 60 tí wọ́n fi ìwé gbèsè àkọ́kọ́ ránṣẹ́, bí wọn kò bá gbé ọjà náà wá bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn. Ẹni tó kó owó lé agékùúta lọ́wọ́ láìgba rìsíìtì kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TIWA

Àwa náà tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà ká tó gbé e fún ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká máa sọ gbogbo owó tán níbẹ̀rẹ̀. Oníbàárà tí owó bá lé lórí lójijì lè san án lónìí, ṣùgbọ́n kò ní padà wá lọ́la.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

1. Káńtà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó fẹ̀ ní 2, ẹyọ kan jẹ́ 50 dọ́là. Èló ni owó òkúta? Owó wo ló ṣì kù lẹ́yìn rẹ̀?
2. Àwìn oṣù 6 lórí 900 dọ́là: èló ni kí a máa san lóṣooṣù kí èlé má baà dé?
3. Nínú ọjà tiwa, owó wo là ń fi pamọ́ fún oníbàárà títí di ìparí?

Kí ẹni tó mọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjà á tà, èrè á pọ̀ o.