Ẹ Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kí Ọwọ́ Wọlé: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ń Fi Ẹ̀rọ Pa Ẹyin Nílé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti ra ẹ̀rọ ìpaẹyin sílé, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi pákó àti gílóòbù kan tiyín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹyin ní í di àkùkọ, bí àwọn baba wa ti wí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Adìẹ tó ń sàba mọ ìgbà tó yẹ kó yí ẹyin rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 21 ni ẹyin adìẹ ń lò. Ní ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 3 tó gbẹ̀yìn, ẹ káwọ́ gbera.

Orí ẹyin fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹyin tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ kì í sábà ní ọmọ nínú, nítorí pé ẹni tó ń sin adìẹ fún ẹyin jíjẹ kì í fi àkùkọ sáàárín wọn. Ẹ wá ẹni tó ní àkùkọ 1 fún bí adìẹ 10, tí àwọn adìẹ rẹ̀ sì ń jẹun dáadáa. Ẹ ṣa ẹyin tí kò tóbi jù, tí kò kéré jù, tí èèpo rẹ̀ kò sán. Ẹ má fọ ẹyin. Ohun kan wà lára èèpo tó ń dí ojú ihò tíntìntín ibẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn. Bí omi bá ti ṣí i kúrò, òbu kò jìnnà. Èyí tó bá dọ̀tí jù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹyin síbi tó tutù níwọ̀nba, ní 13 sí 18°C bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ kọ ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ sísàlẹ̀. Fíríìjì tutù jù fún un. Bí ẹyin bá ti ju ọjọ́ 7 lọ nílẹ̀, agbára rẹ̀ ti ń dínkù.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 kí ẹyin tó wọ inú rẹ̀. Ẹ má sì gba ohun tí tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú bá kà gbọ́ láìdán an wò. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí omi kò lè bà jẹ́, ẹ fi í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú èyí tí a fi ń wọn ibà, kí ẹ wò ó bóyá ohun kan náà ni wọ́n kà. Ìdajì ìwọ̀n péré lè yí ọjọ́ tí ọmọ máa jáde padà.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní fáànù, 37.5°C ni kí ẹ fi í sí. Bí kò bá ní, òkè máa ń gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ gbé tẹmómítà sí ibi tí orí ẹyin dé, kó sì kà tó 38.3 sí 38.9°C. Bí ooru bá dín díẹ̀, ọmọ yóò pẹ́ títí di ọjọ́ 22 tàbí 23. Bí ó bá pọ̀ díẹ̀, wọn yóò yára jáde, ìdodo wọn kò sì ní tíì san.

Ní ti iná mọ̀nàmọ́ná, ẹ ti mọ ìlú tí à ń gbé. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má ṣí ẹ̀rọ láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ ṣọ́ra kó má dí ojú afẹ́fẹ́. Ẹyin lè fara da òtútù wákàtí díẹ̀ ju ooru àpọ̀jù lọ. Bí inú ẹ̀rọ bá kọjá 40°C tó sì pẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni yóò kú. Nítorí náà, nígbà tí iná bá dé, ẹ má sáré fi kún ooru kí ẹ lè dí àlàfo tó ti kọjá. Ẹni tó bá ní ínfátà àti bátìrì kékeré, ẹ̀rọ yìí ni kó kọ́kọ́ fi í ṣọ́.

Ọ̀rinrin ló ń da ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láàmú. Ìdá 50 sí 55 nínú 100 ló dára títí di ọjọ́ 18, lẹ́yìn náà kí ó gòkè sí 65 sí 70. Bí ó bá pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, omi inú ẹyin kò ní dínkù tó, àyè afẹ́fẹ́ yóò kéré, ọmọ yóò sì rì sínú omi ara rẹ̀. Bí ó bá kéré jù lópin, awọ inú èèpo yóò gbẹ mọ́ ọmọ lára, kò sì ní lè yíra. Fífẹ̀ abọ́ ló ń mú ọ̀rinrin pọ̀. Jíjìn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi abọ́ kún un. Nígbà òjò, ẹ lè yọ ọ̀kan kúrò.

Ẹ yí ẹyin ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí ọmọ má bàa lẹ̀ mọ́ èèpo. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ àmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ lè mọ èyí tẹ́ ẹ ti yí. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ, torí pé ẹ̀gbẹ́ kan náà kò ní máa sùn sókè lálaalẹ́.

Ní ọjọ́ 7, ẹ wọ inú òkùnkùn, kí ẹ gbé ẹyin lé ẹnu tọ́ọ̀ṣì. Èyí tó ní ọmọ yóò fi iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Èyí tó bá mọ́ gaara kò lọ́mọ nínú, èyí tó bá sì ní òrùka ẹ̀jẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti kú. Ẹ kó wọn jáde, kí òbu má bàa bẹ́ sára àwọn yòókù. Ẹ tún un yẹ̀ wò ní ọjọ́ 18.

Láti ọjọ́ 18 náà, ẹ má yí ẹyin mọ́, ẹ má sì ṣí ẹ̀rọ mọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń kùnà nìyí. Ọmọ á fi àgógó sọ èèpo, yóò sì dákẹ́. Ọ̀dọ́ rò pé ó ti há, ó bá fi èékánná ṣí i, ẹ̀jẹ̀ dà. Iṣẹ́ ni ọmọ náà ń ṣe nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn: ó ń kọ́ bí a ṣe ń mí, ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ àti pupa ẹyin sínú ara rẹ̀. Ó lè tó wákàtí 24 láti ìgbà tó kọ́kọ́ sọ èèpo kó tó jáde. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má sì bẹ̀rù ebi fún èyí tó kọ́kọ́ jáde. Pupa ẹyin inú rẹ̀ tó o fún ọjọ́ 2. Kó gbẹ kẹ́ kí ẹ tó gbé e.

Lẹ́yìn ọjọ́ 23, ẹ fọ́ ẹyin tí kò pa, kí ẹ wo ọjọ́ orí tí ọmọ inú rẹ̀ kú sí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ooru àti ọ̀rinrin ojoojúmọ́. Ìwé yẹn ni yóò kọ́ yín ju ẹnikẹ́ni lọ.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó to ẹyin kan sínú ẹ̀rọ, ẹ ti ní ilé ọmọ adìẹ tó gbóná tó 32 sí 35°C fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀, àti omi nínú abọ́ tí kò jìn. Ẹ ti mọ ibi tí ẹ ti máa gba àjẹsára àrùn Newcastle tí wọ́n ń kán sójú ọmọ adìẹ ọjọ́ kan, kó sì wà nínú áìsì títí tí ẹ ó fi lò ó. Bí ìwọ̀nyí kò bá tíì sí nílẹ̀, ẹ fi ẹyin sílẹ̀ ná.